Àpótí Tí Adérógbà Kàn fún Àbúrò Rẹ̀

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Adérógbà Ògúndèjì fi bínú sí àbúrò rẹ̀, kò sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo sinmi nídìí ìbínú náà. Bí ènìyàn bá bi í pé àbúrò rẹ̀ ńkọ́, a ní, "Èwo nínú wọn?" bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré ni ìyá wọn bí tẹ̀ lé e.

Fọlájìmí ni orúkọ àbúrò náà. Olùkọ́ ni ní yunifásítì aládàáni kan ní ọ̀nà Ìdírókò, kò jìnnà sí Ìyànà Ìyẹsí. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà láyé àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣe bébà, bí wọ́n ṣe ń fi ọparun gbẹ́ kànga iyọ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin títí yóò fi máa ṣàn bí omi. Adérógbà ní tirẹ̀ ń da ìkòkò àlùmíníọ̀mù ní Ṣàngó, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan tí èéfín ti sọ di dúdú. Láti ibi iṣẹ́ ẹnì kan sí ti ẹnì kejì kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ rèé. Bàbá wọn jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ti Ìsẹ́yìn wá tẹ̀dó sí Ọ̀tà nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù níbẹ̀. Ẹwìrì ló fi ń fẹ́ iná rẹ̀, àpò awọ ewúrẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí igi kọ̀ọ̀kan dúró lórí wọn. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá tẹ igi tirẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ òsì á fa tirẹ̀ sókè. Bí òsì bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀tún á gòkè. Ẹni tó bá jókòó tì í kò gbọdọ̀ sinmi, torí irin kì í dúró de ẹni tí apá ń ro. Nígbà tí Adérógbà wà ní prámárì fọ́ọ̀, ikọ́ fée dé bá bàbá náà. Ó wo ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ wá jókòó ti ẹwìrì. "Ọdún kan péré ni," ló wí. Ọdún kan náà kò parí mọ́.

Adérógbà kò bínú nígbà náà, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń rí Fọlájìmí nínú aṣọ ilé ìwé tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, a sì sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé, "Ẹ wo àbúrò mi. Ó mọ ìṣirò ju tíṣà rẹ̀ lọ." Nígbà tí bàbá kú, tí àwọn ènìyàn kò ra ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ mọ́, ó kọ́ iṣẹ́ ìkòkò dídà. Ó ra búlówà oníná tó ń fẹ́ iná fúnra rẹ̀, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ẹwìrì bàbá rẹ̀ kọ́ ara ògiri, ó sì ń fi òróró pa awọ rẹ̀ lóṣooṣù kí ó má baà ya.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Fọlájìmí wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé ẹwìrì náà wá sí kíláàsì òun, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara wọn rí i. Adérógbà wọ agbádá. Ó jókòó níwájú ọgọ́ta ọmọ, ó ń tẹ ẹwìrì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbé abala bébà kan fò lórí tábìlì, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìgbà náà ni Fọlájìmí fi àwòrán kan hàn wọ́n lára ògiri, àwòrán àpótí tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ fi ń fẹ́ iná, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde bí wọ́n bá fà á, tó tún ń tú u jáde bí wọ́n bá tì í. Èdè òyìnbó ló fi ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí Adérógbà gbọ́ ti tó o. Fọlájìmí ní nígbà tí àwọn ẹni ẹlẹ́ni ti ní irú èyí, awọ ewúrẹ́ la ṣì ń tẹ̀ níhìn-ín. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "A ṣì ń tẹ̀ ẹ́ di òní," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Gbogbo kíláàsì bá a rẹ́rìn-ín.

Adérógbà dìde, ó gbé ẹwìrì rẹ̀ lé èjìká, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Ṣàngó tòun ti agbádá lọ́rùn. Ọkọ̀ ń dúró fún un, kò wọ̀ ọ́. Ó fẹ́ kí ó dun òun dé egungun kí òun má baà gbàgbé.

Fọlájìmí wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Adérógbà kọjú sí iná, kò dá a lóhùn, títí ó fi lọ. Nígbà tí kò wá lẹ́ẹ̀kẹta, Adérógbà tún ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kan lọ́dún, nígbà mìíràn méjì. Kò já èyíkéyìí. Bí ó bá ti rí ìkọ̀wé àbúrò rẹ̀ lára àpò ìwé, abẹ́ ìkòkò ayọ́rin ló ń jù ú sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn ní ọjọ́ Ajé kan tí ọmọbìnrin kan yà wọ inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bébà gígùn kan tó ká bí ẹní, tó fi òwú so. Ó kúnlẹ̀ lórí yanrìn dúdú láìbìkítà fún aṣọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Ògúndèjì?"

Rauf, tó ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló kọ́kọ́ fèsì. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Àwọn náà ni o! Ìyàwó, ìkòkò ńlá lo fẹ́ ni àbí ti ẹni méjì? Ọkọ ti dé nìyẹn!"

"Rauf, gbájú mọ́ iná rẹ kí o má fọ́ lójú," Adérógbà wí. "Èmi ni. Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Ta ló rán ọ?"

"Ìtẹ́olúwa lorúkọ mi, sà. Dókítà Ògúndèjì ló rán mi wá. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mí."

Adérógbà kọjú sí iná rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé bí ó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó ní àpótí afẹ́fẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni Dókítà fẹ́ kí wọ́n bá òun kàn. Káfíńtà méjì ti kàn án ní Ọ̀tà, afẹ́fẹ́ ń jò ní gbogbo etí rẹ̀. Dókítà ní ẹnì kan ṣoṣo lòun mọ̀ tó lè sé afẹ́fẹ́ mọ́. Wọ́n fẹ́ fi í kọ́ àwọn ní kíláàsì ìkẹyìn, ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ìkẹyìn báwo? Wọ́n lé e ni?"

"Rárá, sà." Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ara wọn ò yá. Kíndìnrín ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Orí àga ni wọ́n ti ń kọ́ wa báyìí."

Adérógbà fi ọ̀pá ro àlùmíníọ̀mù tó wà lórí iná, ó rò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Òun ló ní kí o sọ ìyẹn fún mi?"

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́, sà."

Ó gba bébà náà, ó tú òwú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwòrán àpótí náà ni, bó ṣe tóbi gan-an ni wọ́n ṣe yà á, pẹ̀lú pẹ́ńsù: ìdí, ẹ̀gbẹ́, orí, àti pákó àárín tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀. Àwọn ìlà náà ń gbọ̀n. Ẹni tó mọ Fọlájìmí mọ̀ pé ìlà rẹ̀ kì í gbọ̀n. Láti ẹ̀yìn bébà náà, bírò ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Adérógbà rò ó lọ́kàn pé bébà tí wọ́n ti lò rí ni. Àwọn tíṣà kì í fi bébà ṣòfò.

"Màá kàn án," ló wí. "Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí àwọn Ṣáínà fi sàn jù wá lọ ni."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ó sì wá sí kíláàsì náà?"

"Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi pè mí."

Ọmọ náà tún dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó lọ.

Àwọn tó ń da nǹkan ní Ṣàngó ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Bí oníbàárà bá mú àwòrán ẹ̀yà ẹ̀rọ kan wá, wọn kì í fi rúlà wọ̀n ọ́n sára pákó, torí ìwọ̀n máa ń tàsé. Gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà ni wọ́n ń dà sórí pákó, wọ́n á fi ọwọ́ pa á kárí, wọ́n á wá tẹ́ àwòrán náà lé e lórí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti gbẹ, ayùn á tẹ̀lé ìlà. Ohun tí wọ́n yà gẹ́lẹ́ ni yóò jáde. Ara pákó ni gọ́ọ̀mù ń lọ, kì í ṣe ara ìwé, kí ìwé má baà rọ̀. Nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń yí ìwé padà. Fọlájìmí kò mọ èyí. Ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ló mọ̀, ó ti wà ní yunifásítì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìkòkò.

Adérógbà ra puláíwúùdù tó dára. Ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó tẹ́ àwòrán àbúrò rẹ̀ lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti àárín lọ sí etí títí kò fi sí ibi tó wú. Nígbà tó gbẹ, ó gé e. Àwọn àjákù etí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì kó wọn pọ̀ mọ́ igi ìdáná. Ó mú kí ojú ibi tí ìwé wà kọjú sínú, kí ìta àpótí lè mọ́ tónítóní.

Iṣẹ́ náà gba ọkàn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Orí kọ̀ọ̀kan àpótí náà, níwájú àti lẹ́yìn, ní ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí sínú nìkan. Bí o bá fa ọ̀pá tó wà lára pákó àárín, ilẹ̀kùn kan á gba afẹ́fẹ́ wọlé lẹ́yìn pákó àárín, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú pákó á gba ìsàlẹ̀ jáde sí ẹnu ihò. Bí o bá tì í, ilẹ̀kùn kejì á ṣe bẹ́ẹ̀. Etí pákó àárín ni ìṣòro wà, torí ibẹ̀ ni ti àwọn káfíńtà ti ń jò. Fọlájìmí ya ìyẹ́ sí i yí ká. Ìyẹ́! Adérógbà gun ọ̀kadà Rauf lọ sí oko adìyẹ kan ní Alápòtí, ó bẹ̀ wọ́n fún àpò ìyẹ́, ó wá fi òwú dì í mọ́ etí pákó náà ní ìpele-ìpele.

Ọ̀sán Sátidé ló parí rẹ̀. Ó fa ọ̀pá, afẹ́fẹ́ jáde. Ó tì í, afẹ́fẹ́ tún jáde. Ó gbé ẹ̀yinná díẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fẹ́ ẹ, ẹ̀yinná náà pọ́n bí ojú oòrùn alẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín ní òun nìkan. Ó yíjú kí ó lè pe ẹnì kan wá wò ó, ó sì rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tí yóò mọ bí ohun tí òun ṣe yìí ti pọ̀ tó, ẹni náà sì ni òun kì í bá sọ̀rọ̀. Ó fi tápólì bo àpótí náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìtẹ́olúwa tún dé.

"Dókítà ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní bóyá ẹ fẹ́ rán mi níṣẹ́ sí wọn."

"Iṣẹ́ wo? Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ ọ̀nà Ṣàngó."

"Wọn ò lè wọ ọkọ̀ dé ibí mọ́, sà."

"Kò ní fóònù?"

"Ẹ ti di nọ́ńbà wọn pa, sà. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́sàn-án."

Rauf gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Adérógbà, ó padà sídìí irin rẹ̀. Adérógbà kò rántí pé òun ti di nọ́ńbà náà. Ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣe é, ó sì ti gbàgbé. Bí ọmọbìnrin náà ti lọ, ó pe Rauf, ó ní kí ó bá òun ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú pè wọ́n," Rauf wí. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ ní 'hẹ́lòó', ó parí."

"Kí ẹ̀gbọ́n pe àbúrò? Lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí àbúrò ṣẹ̀?"

"Aláìsàn ni wọ́n o."

"Mo gbọ́. Ṣí i kí o sì fẹnu mọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó di Ọjọ́bọ̀. Adérógbà kò dá iná rárá. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá funfun àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ìtẹ́olúwa mú kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá, wọ́n gbé àpótí náà sí i, Adérógbà fi aṣọ bò ó bí ẹni tó ń bo ọmọ.

"Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sà," ọmọ náà wí.

"Máa lọ. Bí wọ́n bá pè mí, màá gba ọ̀kadà."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, fóònù lórí itan, títí òjìji rẹ̀ fi kúrò ní ọ̀tún bọ́ sí òsì. Rauf fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe é. Fóònù náà kò dún. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ku yanrìn, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àbúrò òun kò yí padà.

Fọlájìmí kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e.

Nínú ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀lé òkú àbúrò dé ibojì. Nígbà tí wọ́n ń sin Fọlájìmí ní Ọ̀tà, inú yàrá ni Adérógbà jókòó sí ní Ṣàngó, ó kọjú sí ògiri. Kò sunkún. Ó ń wá ìbínú rẹ̀ kí ó lè fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀, kò rí i.

Ọjọ́ kẹjọ ló tó lọ kí Fadékẹ́, opó àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Kò bá a jà. Ì bá sàn kí ó bá a jà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n wa. Ó fojú sọ́nà fún yín títí o."

"Kò pè mí," Adérógbà wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Mo jókòó ti fóònù."

Fadékẹ́ gbé ojú sókè. "Ó pè yín, sà. Ṣé ẹ ò ka ìwé tó kọ sí yín ni?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tó kọ sí ẹ̀yìn àwòrán. Ó ní bí òun bá fi í sínú àpò ìwé, iná ni ẹ ó jù ú sí, ṣùgbọ́n àwòrán iṣẹ́, ẹ ò ní jù ú nù, ẹ ó sì yẹ̀ ẹ́ wò tìfuntẹ̀dọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, torí ọwọ́ ń gbọ̀n. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi àga kan síwájú kíláàsì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Nígbà tó délé, ó ní, 'Ó kàn án, Fadékẹ́. Kò jò rárá. Ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn.'"

Adérógbà ṣí ẹnu láti sọ pé òun kò rí ìwé kankan. Ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òkú. Ó jókòó níbẹ̀ títí tí omi tí wọ́n gbé fún un fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò mu ún.

Láti ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ló lọ tààrà. Ó tú ìdì igi ìdáná. Àwọn àjákù puláíwúùdù náà ti jóná tán. Ìkòkò mélòó kan ni wọ́n ti fi dà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ó yẹ abẹ́ àpò wò, ó yẹ ẹ̀yìn páànù wò. Ó wá rántí pé òun ti ki ọ̀kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ó wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ìwé sì wà lára rẹ̀.

Ó gbìyànjú láti fi èékánná ṣí i, kò ṣí. Gọ́ọ̀mù tó rà dára ju. Ó fi omi rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka ra bébà náà kúrò, ìlà pẹ́ńsù lọ, bébà lọ, ó sì ku bírò tó ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù lára pákó. Ṣùgbọ́n ó kọjú sódì, gbogbo lẹ́tà ń wo ẹ̀yìn. Ó wò ó títí. Ó rò pé bóyá nítorí pé òun fi ilé ìwé sílẹ̀ ní prámárì fọ́ọ̀ ni òun kò fi lè kà á.

Rauf ló wo orí èjìká rẹ̀. Kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ yọ jígí ọ̀kadà rẹ̀, ó gbé e síwájú pákó náà. Ọ̀rọ̀ náà yí padà sí bó ṣe yẹ. Kò pé, ayùn ti gé e lọ́tùn-ún àti lósì:

*èmi ni mo ṣì í níwájú wọn. Ẹwìrì Bàbá náà kì í*

*bí ọwọ́ kan bá ń sinmi, èkejì á*

*wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín lọ́jọ́bọ̀. Àga*

Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adérógbà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú jígí. Nígbà náà ni ẹkún tí kò jáde ní ọjọ́ ìsìnkú jáde, Rauf sì dúró, ó di jígí náà mú fún un, ó ń wo ọ̀nà.

Ìyókù ìwé náà wà nínú àpótí. Àpótí ọ̀hún sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, torí Ìtẹ́olúwa gbé e wá. Ó ní Dókítà ti ṣèlérí fún àwọn pé àwọn yóò rí i lẹ́nu iná gidi kí ìdánwò tó dé, kò sì sí ibi tí àwọn ti lè dá iná nínú ọgbà yunifásítì. Ṣé àwọn lè wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé? Adérógbà ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nígbà tó lọ, Rauf fọwọ́ gbá àpótí náà. "Ẹ tú u, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi omi rẹ inú rẹ̀ kí ẹ ka ìyókù."

Adérógbà tú orí kan. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó rí ìlà àbúrò rẹ̀ tó ń gbọ̀n lára gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ó ti rẹ àkísà bọ omi. Ó di àkísà náà mú títí omi rẹ̀ fi ro tán sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bí omi bá kan igi yìí, yóò wú. Bí ó bá wú, kò ní fẹ́ mọ́."

"Ẹ ó tún kan òmíràn."

"Èyí ló ní kí n kàn." Ó gbá ìṣó orí àpótí náà padà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógún ló wá ní Sátidé. Adérógbà ti kọ́ ojú iná méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó gbé àpótí síwájú ọ̀kan, ó sọ ẹwìrì bàbá rẹ̀ kalẹ̀ láti ara ògiri, ó gbé e síwájú èkejì. Ó ní kí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Joy wá di ọ̀pá àpótí mú. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹwìrì. Ó ti pẹ́ tó ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, apá ń ro ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Iná méjèèjì pọ́n. Wọ́n gbé irin kọ̀ọ̀kan sí i, irin méjèèjì sì pupa lọ́wọ́ kan náà.

"Àwọn ará Ṣáínà," Joy wí, ó ń mí gúlegúle, "ní ibòmíràn, Dókítà ní omi odò ni wọ́n jẹ́ kí ó máa bá wọn fẹ́ iná. Sà, èwo ló sàn jù nínú méjèèjì yìí?"

Adérógbà ti fi ọdún mẹ́sàn-án tọ́jú ìdáhùn kan sí ìbéèrè yẹn, ìdáhùn gígùn, tó ní èébú nínú. Ó wá a, ó ti lọ.

"Àpótí yìí, ọwọ́ kan ló ń lò," ló wí. "Ó fi ọwọ́ kejì sílẹ̀ fún ọ láti di irin mú. Ẹwìrì ń gba ọwọ́ méjì, ṣùgbọ́n o lè rí awọ níbikíbi, o kò nílò káfíńtà. Afẹ́fẹ́ kì í dá nínú èyíkéyìí. Ẹ̀yin ará Ṣáínà ronú, àwa náà ronú. Ohun tí tíṣà yín ní kí n wá sọ fún yín ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí nìyẹn. N kò wá."

Wọn kò rẹ́rìn-ín pé ó pè wọ́n ní ará Ṣáínà. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ó rí ọmọ tó sún mọ́ ọn jù, bó ṣe kọ gbogbo rẹ̀, títí kan "n kò wá".

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Ìtẹ́olúwa bi í bóyá yóò tọ́jú àpótí náà. Ó ní rárá, kí wọ́n máa gbé e lọ, kí wọ́n fi máa kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n má ṣe, kí omi má kàn án. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà. Kò béèrè ìdí, òun náà kò sì sọ.

Ó ṣì ń da ìkòkò ní Ṣàngó. Àjákù pákó náà àti jígí tí wọ́n fi kà á wà lórí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, Rauf sì ra jígí mìíràn sí ọ̀kadà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ìwé yòówù tí wọ́n bá mú wá, àwòrán ẹ̀rọ ni o, rìsíìtì ni o, ìwé iná mànàmáná ni o, Adérógbà yóò kọ́kọ́ yí i padà. Yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá, iwájú lọ̀rọ̀ wà o." Kì í bínú sí wọn. Yóò wò ó tán, yóò rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, yóò sì da gọ́ọ̀mù sórí pákó.